Báírò Pupa Lórí Àdúrà

Ẹ̀gbọ́n mi ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà bí mo bá bú u díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ, òun ló kọ́ mi bí a ti ń so okùn bàtà, òun náà ló sì kọ́kọ́ gbá mi létí láyé. Ní ilé ìtẹ̀wé tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́, Paárẹ́ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà bá a délé, ó bá a dé ṣọ́ọ̀ṣì, títí tí àwọn ọmọ kéékèèké fi ń kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Paárẹ́."

Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gé ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan tí kì í ṣí tán. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, káàdì ilé ìwòsàn ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o, ẹyọ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí íǹkì rẹ̀ tó gbẹ. Yóò mú báírò pupa, yóò ti awò ojú rẹ̀ sókè, yóò sì máa kà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè, nítorí ó ní ojú máa ń parọ́ fún ẹni tó bá ń kà láti òkè. Bó bá rí àṣìṣe, kì í pariwo. Yóò kàn fa ìlà, yóò ní, "Pa á rẹ́." Kódà ọ̀gá pátápátá, ó ń fa ìlà sí i lọ́rọ̀. Ọkùnrin tó kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i nígbà èwe, ṣe ló fi báírò pupa tún lẹ́tà náà ṣe, ó sì dá a padà. Ọkùnrin náà jókòó, ó tún un kọ, ó sì fẹ́ ẹ. Àna mi yẹn kò pẹ́ láyé, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọkùnrin onísùúrù ni.

Òfin kan wà ní ilé ìtẹ̀wé náà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Wọn kì í sọ ìwé àkọ́kọ́ nù. Èyí tí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pẹ̀lú gbogbo wúruwùru inú rẹ̀, píìnì ni wọ́n fi ń há a mọ́ ẹ̀yìn èyí tí wọ́n ti tún ṣe, wọ́n á sì kó o pa mọ́ de ọjọ́ tí oníbàárà bá dé tó ní òun kọ́ lòun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Paárẹ́ lè sùn láìjẹun, àmọ́ kò ní sọ ìwé àkọ́kọ́ nù.

Bó ṣe dé orí àdúrà nìyí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àpótí pákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà tí a ń pè ní àpótí ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé pélébé, á sọ ọ́ síbẹ̀ láìfi orúkọ sí i, àlùfáà á sì kà á sétí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi kí gbogbo wa lè ṣe àmín sí i. Nígbà kan, kí n tó di adárin ìjọ, àlùfáà àtijọ́ ka ìwé kan bó ṣe bá a. Ẹnì kan ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun ṣẹ́ onílé òun lẹ́sẹ̀. Onílé náà sì wà ní ìjókòó kẹta. Ẹ má bi mí bí ìsìn ọjọ́ yẹn ṣe parí. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ìjọ ti ní kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò máa yẹ àdúrà wò kó tó dé orí pẹpẹ. Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe Paárẹ́?

Lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ èèyàn nìkan ló ń yọ. Nígbà tó yá, ó ń yọ ìjà. Nígbà tó tún yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹkún. Ọ̀sán Sátidé ló máa ń jókòó nínú yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́rùn àti báírò pupa lọ́wọ́. Ẹni tó kọ pé, "Olúwa, o pa ọkọ mi, kí ni mo fi ṣe ọ́?" yóò gbọ́ lọ́jọ́ kejì pé, "Opó kan ń dúpẹ́ nítorí ìsinmi tí o fún ọkọ rẹ̀." Ẹni tó kọ pé òun kò lè gbàdúrà mọ́, pé ṣe ló dà bíi pé òun ń bá ògiri sọ̀rọ̀, yóò gbọ́ pé, "Arákùnrin kan ń tọrọ àfikún agbára nínú àdúrà." Ìyàwó kan kọ ọ́ pé kí Ọlọ́run tètè mú ìyá ọkọ òun lọ, ohun tí a gbọ́ ni pé ó ń tọrọ ìrìn àjò àlàáfíà fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ náà ló ṣe àmín tó dún jù.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Ọlọ́run ò mọ ohun tí wọ́n kọ ni?"

"Ó mọ̀," ó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Àmọ́ tó o bá fẹ́ lọ síwájú ọba, ṣé o ò ní bọ́jú ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, mo sì gbà á.

Èmi náà fi tèmi sínú àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ọdún kẹrìnlá rèé. Ọkọ mi ń lù mí nígbà náà, kì í sì í ṣe ọtí ló ń lò ó, nítorí kì í mutí. Ojú rẹ̀ máa ń dá ṣáká tó bá ń lù mí. Aránṣọ ni mí, mo mọ bí a ti ń gé ọrùn aṣọ kó lè bo ohun tó yẹ kó bò. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Olúwa, ọkọ mi ń lù mí. Bí o kò bá mú un kúrò, mú mi kúrò. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀ ọ́, o kò yíjú sí mi." Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, àlùfáà kà á pé, "Arábìnrin kan fi ìmoore gbé ilé rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ọkọ mi ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Mo sọ fún ara mi pé Paárẹ́ kò lè mọ̀ pé èmi ni, kò kúkú sí orúkọ níbẹ̀. Mo tún lo ọdún mẹ́wàá sí i nínú ilé náà, títí tí ọkọ mi fi kú sójú oorun, ikú ẹni rere. Ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. "Ọkọ bí ìyá" ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀ gàdàgbà. Báírò pupa kò kàn án.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Paárẹ́ bí. Aláròyé la sọ ọ́ láti kékeré, nítorí kò sóhun tí kì í rojọ́ rẹ̀: bàtà ń ta á lẹ́sẹ̀, omi ti gbóná jù, ọmọlangidi rẹ̀ ń wò ó níwòkuwò. Mo fẹ́ràn ọmọ náà ju ara mi lọ. Èmi kò bí, òun ni mo sì ń pè lọ́mọ. Ìyá rẹ̀ ló wo àròyé yẹn sàn lára rẹ̀ bí ẹni ń wo ikọ́. Bó bá ní, "Màmá, inú ń run mí," ìyá á ní, "Pa á rẹ́. Báwo la ṣe ń sọ ọ́?" Ọmọ á dorí kodò, á ní, "Ara mi ti yá, mo dúpẹ́." Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fún un lóògùn. Nígbà tó fi pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, orúkọ rẹ̀ ti di ẹ̀fẹ̀. Èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ kó dúpẹ́. Àwọn ìyá nínú ìjọ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn iléèwé. Ó jókòó, ó gbé iwájú orí lé ara ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó tutù.

"Àǹtí," ó ní, "bíi kí wọ́n máa fi òòlù lù mí ní ìpàkọ́ ni. Ojú mi ọ̀tún náà ń ṣe bàìbàì. Ẹ má sọ fún Màmá o."

Mo sọ fún Màmá. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ohun rere tí mo ṣe nìyẹn.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ọmọdé ni, èèyàn sì kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fọ́fọ́. Ó fa káàdì kan jáde, ó kọjú sí Aláròyé, ó ní, "Kí ló ń ṣe yín, Àǹtí?"

Aláròyé ní, "Orí mi ni, ó ti..."

Paárẹ́ fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. "Ara rẹ̀ ti yá, Dókítà. Orí ló fọ́ ọ díẹ̀ lánàá, a sì ti gbàdúrà sí i. A kàn ní kẹ́ ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Dókítà kò kà á sí, Aláròyé ló ń wò. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ó ti lọ? Ẹ ń ríran dáadáa?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, irú ẹ̀rín tí olùkọ́ máa ń rín sí ọmọ tó mọ ìdáhùn.

"Ara mi ti yá," Aláròyé ní. "Mo dúpẹ́."

Mo jókòó síbẹ̀. Èmi tí ẹnu mi ń já bí abẹ yìí, tí oníbàárà ń bẹ̀rù, n kò sọ pé ojú ọ̀tún rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ti kọ́ èmi náà. Mo ń wo káàdì náà lọ́wọ́ dókítà. Ilé ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ̀ ẹ́, mo mọ ìlà rẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ "Ohun tí aláìsàn sọ" sí, ó kọ ọ́ pé ara ti yá. Ó fún wa ní oògùn orí fífọ́, a sì lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, Aláròyé ṣubú níwájú pátákó ìkọ̀wé, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agogo mẹ́ta ọ̀sán kò tíì lù tó fi kú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló ti ń jò nínú orí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Dókítà kan náà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, ó sì ń sunkún bó ṣe ń ṣàlàyé. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú yẹn, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un, òun kì bá tí jẹ́ kó lọ sílé.

"Màmá," ó ní, "kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Paárẹ́ ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ jù."

Kò sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ ìwé ètò ìsìnkú ọmọ rẹ̀ wò, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ó rí àmì ìdánudúró kan tó sọnù, ó fi í sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ó jáde síwájú ìjọ, ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run ka ọmọ òun yẹ. Àwọn èèyàn ní, "Ẹ wo ìgbàgbọ́!" Ìyàwó àlùfáà ní òun ò rírú ẹ̀ rí. Mo dá orin, nítorí iṣẹ́ mi ni.

Ohun kan ṣoṣo ló tú àṣírí rẹ̀: ìlà pupa rẹ̀ kò gún mọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí fún Bàbá Lẹ́tà, bàbá kan tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni jẹ́jẹ́, ẹni tí kì í fi nǹkan falẹ̀. Ó kọ òfin iṣẹ́ náà sínú ìwé fún un. Ti àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ bi Ọlọ́run ní ìbéèrè. Ti ìkẹyìn ni pé a kì í sọ ìwé àkọ́kọ́ nù.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ikú Aláròyé ni mo yà sílé ẹ̀gbọ́n mi tí mo bá a nídìí tábìlì, tí ìwé tí ó rún mọ́wọ́ kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ló gbé wálé. Mo ṣí ọ̀kan, mo rí i pé Ọlọ́run ló ń kọ̀wé sí.

"N ò rí i sọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹlòmíràn. "Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ ló ń jáde. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé èmi ni mo pa á. Wò ó, ohun tí ọwọ́ mi kọ nìyí: 'Mo júbà ìfẹ́ rẹ.' Oṣù mẹ́jọ, mi ò tíì bá Ọlọ́run sọ òótọ́ kan."

"Ẹ fi ẹnu sọ ọ́."

"Ẹnu mi gan-an ló burú jù."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Pẹ́ńsù ló padà lò, ó ní báírò ti mọ ọ̀nà jù. Ó sọ fún mi pé bí àlùfáà bá lè kà á bó ṣe wà, bí ìjọ bá lè ṣe àmín kan péré sí i, á jẹ́ pé òun ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run nìyẹn, bóun tiẹ̀ máa kú lọ́jọ́ kejì. Mo rán an létí òfin. Ó ní Bàbá Lẹ́tà mọ ìkọ̀wé òun, á mọ̀ pé òun ni, á sì ṣàánú òun. Lójú mi ló ṣe sọ ọ́ sínú àpótí ní Ọjọ́bọ̀, ó sì fi ọwọ́ lé orí àpótí náà fúngbà díẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ aṣọ tí mo rán fún un fún ìgbéyàwó Aláròyé tí ikú kò jẹ́ kó wáyé. Àlùfáà ka ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin ni pé, "Ìyá kan tó pàdánù ọmọ ń dúpẹ́ fún ìtùnú pípé tí o fún un." Àmín náà dún tó bẹ́ẹ̀ tí ìjókòó mì. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi láti ibi tí àwọn akọrin ń jókòó sí. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lọ́wọ́.

Bàbá Lẹ́tà dúró dè wá ní ìta, inú rẹ̀ ń dùn. "Ìyá Paárẹ́, mo mọ ọwọ́ yín, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín," ó ní. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe fara balẹ̀ sí i jù. Ìlà mọ́kànlá ni mo fà. Ìbéèrè nìkan, márùn-ún ni." Ó na ìwé náà sí i, ó ti fi píìnì há a dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní. "Iṣẹ́ yín mọ́."

A rìn dé ìdajì ọ̀nà kó tó dúró, níwájú ilé kan tí wọ́n ń kun lọ́dà. Ó ní, "'Olúwa, ọkọ mi ń lù mí.' Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

N kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ níwèé," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n látorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì pa á rẹ́? Ẹ wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, ẹ jókòó, ẹ bá ọkọ mi jẹun, ẹ ti mọ̀?"

"Mo rò pé tí mo bá tún un kọ dáadáa, ilé yẹn náà á dáa," ó ní. "Mi ò ní àwáwí kankan."

Mo fi í sílẹ̀ lójú títì níbẹ̀, èmi àti ọdún mẹ́rìnlá mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò kí i. Ìránṣọ mi ò gún, mo gé apá aṣọ oníbàárà kan kúrú, mo sì tún bú oníbàárà náà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, Paárẹ́ dìde, ó jáde síwájú, ó mú ìwé tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ náà dání. Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó fún un láyè. Ẹ̀gbọ́n mi ti awò rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, láti òkè wá sísàlẹ̀.

"Olúwa, èmi ni mo pa ọmọ mi. Mo dí i lẹ́nu, ìwọ náà sì di etí rẹ. O rí ẹ̀jẹ̀ tó ń jò nínú orí rẹ̀, o wò ó láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́ Ẹtì. Kí lò ń dúró dè? Wọ́n ní o fẹ́ràn wa. Ìfẹ́ rẹ ń bà mí lẹ́rù. Inú ń bí mi sí ọ tó bẹ́ẹ̀ tí..."

Àṣà kan wà nínú ìjọ wa. Bí ẹ̀rí bá ti fẹ́ yà kúrò lọ́nà, àlùfáà á fọwọ́ kan ọrùn aṣọ rẹ̀, èmi adárin á dá orin, ìjọ á gbà á, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì lọ jókòó. Kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Orin ọpẹ́ ni, ta ló máa bá orin ọpẹ́ jà?

Àlùfáà kò tíì fọwọ́ kan ọrùn aṣọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Èmi ni mo dìde láìsí ẹni tó rán mi, mo sì dá orin ọpẹ́ tó lariwo jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀. Kì í ṣe nítorí Ọlọ́run. Kì í ṣe nítorí ìjọ pẹ̀lú. Mo fẹ́ kó mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn ké, kí wọ́n fi àmín bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn akọrin gbè é, ìjọ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi nínú, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn, ó dùn bí oyin.

Kò lọ jókòó. Ó wo ibi tí mo wà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni rí ohun tó ti ń retí. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó dojú kọ pẹpẹ, ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èjìká rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, àti ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣí ìwé sí ojú ewé kejì. Orin náà parí, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ó parí lẹ́ẹ̀kejì, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ohùn mi há, ó ti ká ìwé rẹ̀, ó sì ti ń lọ síta.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ìjọ fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé kó sinmi kúrò nínú iṣẹ́ ìjọ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìwé náà dára, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

N kò mọ ohun tó gbé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni, ibi tí ọmọ náà gbé orí lé. Mo bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá Aláròyé, páálí mẹ́fà yí i ká. Ọdún méjìlélógún ló wà nínú wọn, gbogbo ìwé àkọ́kọ́ láti inú àpótí ẹ̀bẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú píìnì rẹ̀ tó ti dípẹtà. Ó ń tú wọn. Yóò yọ píìnì, yóò ti èyí tó pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì ka èkejì sókè bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe rẹ̀. "Olúwa, o pa ọkọ mi, kí ni mo fi ṣe ọ́?" Á mú òmíràn.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?" mo bi í.

"Mò ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi."

"Ẹ ti sọ fún mi rí pé Ó mọ̀."

"Ó mọ̀. Àmọ́ wọ́n fẹ́ sọ fún un." Ó yọ píìnì kan, ó gún un lọ́wọ́, ó pọ́n ọwọ́ náà lá. "Ọmọ tiẹ̀ náà bi í léèrè lórí igi àgbélébùú, lójú gbogbo èèyàn, ìdí tó fi fi òun sílẹ̀. Wọ́n ti ń kà á látìgbà yẹn. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, kò dé ọkàn mi rí pé kò sẹ́ni tó fa ìlà sí i."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, àmọ́ ìbéèrè ló jáde. Mo ní, "Kí lẹ sọ lábẹ́ orin yẹn?"

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ṣé Ó dá yín lóhùn?"

"Rárá." Ó ronú sí i bó ṣe máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ túnṣe. "Àmọ́ Òun ò dá orin."

Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú ìwé kan tó ti yà sọ́tọ̀, ó yọ píìnì rẹ̀, ó sì gbé e fún mi. Ìkọ̀wé mi ni. Ibi tí omi ojú mi kán sí ní ọdún kẹrìnlá sẹ́yìn ti di àbàwọ́n.

"Mi ò lè bá ẹ ka tìẹ," ó ní. "Mi ò lẹ́nu ẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní ọkọ mi ti kú. Ó fi ìka kan ìwé náà. Mo kà á: "Olúwa, ọkọ mi ń lù mí." Ohùn mi ṣì há láti inú orin ọjọ́ Ìsinmi, ó ń jáde bí ohùn àkèré. Mo kà á dé òpin, n kò sì lè dúró mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí kò sí nínú ìwé: ojú ọ̀tún Aláròyé, tí mo mọ̀ tí n kò sọ, orin náà, àti bó ṣe dùn mọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi yìí tó jókòó níwájú mi, tí mo kórìíra, tí n kò sì ní ẹlòmíràn láyé. Mo bú Ọlọ́run. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ohun tí kò tọ́, mo pààrà rẹ̀, mo ta ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn, mo sọ òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Paárẹ́ jókòó tì mí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, kò sì tún ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣe.